Nọ́ńbà tí Fermat Fọwọ́ Sọ̀yà Fún

4,294,967,297.

Bí ènìyàn bá ní òun fẹ́ ka ení, èjì, títí dé ibẹ̀, tó ń ka ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láìsùn, láìjẹun, nǹkan bí ọdún 136 ni yóò fi kà á. Ká ní ayé owó ẹyọ la ṣì wà, níbi tí ogójì ẹyọ ti ń jẹ́ okùn kan, tí àádọ́ta okùn ń jẹ́ ẹgbàá, tí ẹgbàá mẹ́wàá sì ń di ọ̀kẹ́ kan, ọ̀kẹ́ 214,748 la máa dì, ẹyọ 7,297 á sì tún ṣẹ́ kù sílẹ̀.

Títóbi rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká ṣá o. Nọ́ńbà tó jù ú lọ kò lóǹkà, ọ̀pọ̀ wọn ni ẹnikẹ́ni kò sì ní dárúkọ rẹ̀ láéláé. Ohun tó gbé èyí jáde ni pé amòfin ará Faransé kan, tó mọ ìṣirò ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ìṣirò jẹun lọ, fọwọ́ sọ̀yà nípa irú ẹ̀yà tó jẹ́, ó sì kù díẹ̀ kí ọgọ́rùn-ún ọdún pé kí wọ́n tó rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí i ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí ẹni tó bá lóye ìyẹn ti lóye bí a ṣe ń wádìí nọ́ńbà ńlá yòówù: ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tí a bá bi nọ́ńbà ní iye tó ń náni. Òmíràn, ìdáhùn rẹ̀ kò gbà ju kí a wò ó lójú lọ. Òmíràn lè gba ayé ènìyàn mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Mú 2, fi lọ́nà ara rẹ̀, ó di 4. Fi 4 lọ́nà 4, ó di 16. Fi 16 lọ́nà 16, ó di 256. Ẹni tó bá mọ Ifá ti mọ ibi tí mo ń lọ. Ẹsẹ̀ méjì ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, èso mẹ́rin ló wà lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èso kọ̀ọ̀kan sì lè dojú dé tàbí kó ṣí inú sókè. Ọ̀nà 16 ni apá ọ̀tún lè gbà jáde, 16 ni ti apá òsì, ìyẹn ló fi jẹ́ 256 odù: ojú odù 16, ọmọ odù 240. Bí a bá wá gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí a kọ odù méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀léra, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà jáde jẹ́ 256 lọ́nà 256, tí í ṣe 65,536. Bí a bá gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó di 65,536 lọ́nà 65,536, èyí sì jẹ́ 4,294,967,296.

Iye kan náà gan-an ni àwọn tó ṣe ètò àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì ti ìṣáájú lò. Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà nínú àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti 0 dé 255. Odù mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ń gbà, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó pọ̀ lójú wọn nígbà náà lọ́hùn-ún, àmọ́ nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2011, àwọn tó ń pín in fún àgbáyé ti pín ìpín tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ wọn.

Nọ́ńbà tiwa fi ẹyọ kan ju ìyẹn lọ. Àfikún ẹyọ kan kò sì ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ọjà ọrún, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló ń yí po, àmọ́ torí pé à ń ka òní mọ́ ọn, márùn-ún la kà á sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàdógún: ọjọ́ 16 ló ń gbà, 17 la ń kà. Kò sẹ́ni tó ro ti ìṣirò Faransé mọ́ ọn, ṣùgbọ́n 5 àti 17 yìí wà lára àwọn nọ́ńbà tí Pierre de Fermat gbé sọ́wọ́ ní ọdún 1640.

Ìlú Toulouse ni Fermat ti ń ṣiṣẹ́ òfin, ìṣirò ni ó fi ń gbafẹ́. Ó fi ẹyọ kan kún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn nọ́ńbà tí a tò lókè yẹn, ó rí 3, 5, 17, 257, àti 65,537. Ó yẹ̀ wọ́n wò, ó rí i pé kò sí èyí tí nọ́ńbà mìíràn lè pín láìṣẹ́kù nínú wọn, àyàfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Prime ni wọ́n ń pe irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ nílé ìwé; aláìṣeépín ni mo máa pè é níhìn-ín. Márùn-ún lórí márùn-ún! Fermat kọ lẹ́tà sí àwọn oníṣirò ẹgbẹ́ rẹ̀ pé bí ènìyàn bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, aláìṣeépín ni gbogbo wọn yóò máa jẹ́. Ó jẹ́wọ́ pé òun kò tíì ní ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin, àmọ́ ọkàn òun fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀ pátápátá. Ìkẹfà nínú wọn ni 4,294,967,297.

Báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá òótọ́ ni? Àwọn ìbéèrè tí kò náni lówó la kọ́kọ́ ń bi í. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ 7, nítorí náà 2 kò lè pín in, 5 kò lè pín in. Fún 3, a ó ro gbogbo àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ pọ̀: 4 àti 2 àti 9 àti 4 àti 9 àti 6 àti 7 àti 2 àti 9 àti 7 jẹ́ 59. 3 kò pín 59 láìṣẹ́kù, nítorí náà kò lè pín nọ́ńbà wa, 9 pẹ̀lú kò sì lè pín in.

Fún 7, 11 àti 13, ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀, torí ó pa ẹyẹ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá fi 7 lọ́nà 11 lọ́nà 13, 1,001 ni yóò jẹ́. Nítorí èyí, a lè gé nọ́ńbà sí mẹ́ta mẹ́ta láti ọwọ́ ẹ̀yìn wá, gẹ́gẹ́ bí kọ́mà ṣe gé e: 297, 967, 294, 4. Ro àkọ́kọ́ àti ìkẹta pọ̀: 591. Ro ìkejì àti ìkẹrin pọ̀: 971. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 380. Ohun tí nọ́ńbà ńlá yẹn bá fẹ́ ṣe fún 7, 11 tàbí 13, 380 náà ni yóò ṣe é. 7 pín 380, 2 ṣẹ́ kù. 11 pín in, 6 ṣẹ́ kù. 13 pín in, 3 ṣẹ́ kù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kúrò lọ́nà.

Àwọn tó rọrùn tán síbẹ̀. Láti ìhín lọ, ọ̀nà tí wọ́n ń kọ́ ọmọdé ni pé ká máa dán àwọn aláìṣeépín wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé ibi tí nọ́ńbà kan bá fi lọ́nà ara rẹ̀ tí yóò tó tiwa. Ibẹ̀ jẹ́ 65,536. Àwọn aláìṣeépín tó wà láàárín 2 sí ibẹ̀ jẹ́ 6,542. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ pín mẹ́wàá lójúmọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kó tó parí rẹ̀, bí kò bá ṣi ẹyọ kan ṣe. Mo rò pé ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi gba ọ̀rọ̀ Fermat gbọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1729, Christian Goldbach kọ̀wé sí Leonhard Euler ní St Petersburg ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Nínú lẹ́tà náà ló ti bi í bóyá ó mọ̀ nípa ohun tí Fermat sọ. Euler kò kọ́kọ́ kà á sí. Àmọ́ ní ọdún 1732, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó kéde pé 641 pín in. Kò dán ẹgbẹ̀rún nọ́ńbà wò kó tó rí i. Inú ọ̀nà tó fi dín iṣẹ́ náà kù, tó ṣàlàyé nínú ìwé kan lẹ́yìn náà, ni ẹwà ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ká sọ pé nọ́ńbà aláìṣeépín kan wà tó pín nọ́ńbà wa láìṣẹ́kù, ká pè é ní p. Bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí o tún sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, àmọ́ nígbàkígbà tó bá ti ju p lọ, yọ p kúrò nínú rẹ̀, kí àṣẹ́kù nìkan wà lọ́wọ́ rẹ. Nígbà tí o bá fi máa ṣe é lẹ́ẹ̀mejìlélọ́gbọ̀n, àṣẹ́kù náà yóò jẹ́ p dín ẹyọ kan, torí pé ẹyọ kan tí a fi kún un ló jẹ́ kí p pín in tán. Lẹ́yìn ìgbà 64, yóò padà sí 1, kò sì ní padà síbẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ìyípo 64 nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, Fermat fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní ọdún 1640 kan náà pé bí a bá ṣe irú ìlọ́po yìí ní iye ìgbà tó jẹ́ p dín ẹyọ kan, 1 la gbọ́dọ̀ bá níbẹ̀. Bí ọjà bá ń ná lọ́jọ́ mẹ́rin mẹ́rin, tí ó ná lónìí, tí a sì bá a tó tún ń ná lọ́jọ́ kan, iye ọjọ́ tó wà láàárín gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin mẹ́rin láìṣẹ́kù. Bákan náà, p dín ẹyọ kan gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí 64 láìṣẹ́kù.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe fún wa. Kò sí ìdí láti yẹ 17 wò mọ́, tàbí 19, tàbí 23. Àfi àwọn tó bá jẹ́ ìlọ́po 64 pẹ̀lú ẹyọ kan lórí: 65, 129, 193, 257, 321, 385, 449, 513, 577, 641. A ó yọ àwọn tó ṣeé pín kúrò nínú wọn. 65 jẹ́ 5 lọ́nà 13, 129 jẹ́ 3 lọ́nà 43, àwọn mìíràn náà bẹ́ẹ̀. Ó ku 193, 257, 449, 577, 641. Nínú 6,542, ìgbìyànjú karùn-ún ló bá a! 193 pín nọ́ńbà wa, 109 ṣẹ́ kù. 257 pín in, 2 ṣẹ́ kù. Ti 449, 325 ṣẹ́ kù. Ti 577, 288.

641 wá ńkọ́? Kò pọn dandan ká gbé nọ́ńbà ńlá yẹn lé 641 lórí. Mú 65,536, pín in pẹ̀lú 641: ó wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀102, 154 ṣẹ́ kù. Nítorí pé 65,536 lọ́nà ara rẹ̀ ló bí nọ́ńbà tó ṣáájú tiwa, àṣẹ́kù náà la ó fi lọ́nà ara rẹ̀: 154 lọ́nà 154 jẹ́ 23,716. Bẹ́ẹ̀, 641 lọ́nà 37 jẹ́ 23,717. Ẹyọ kan péré ló kù kí 641 pín in tán, ẹyọ kan tó kù yẹn gan-an sì ni Fermat fi kún un. Ó parí. Ọmọ ilé ìwé gírámà lè ṣe é lórí ẹ̀yìn ìwé ìdánwò.

641 lọ́nà 6,700,417 ni 4,294,967,297.

Ó kù ká mọ̀ bóyá 6,700,417 náà ṣì ṣeé pín. Òfin kan náà mú un, torí ohun tó bá pín in yóò pín nọ́ńbà wa náà. Ní ọdún 1878, Édouard Lucas ará Faransé tún fi hàn pé kì í ṣe 64 nìkan, ìlọ́po 128 pẹ̀lú ẹyọ kan ni irú àwọn nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí a bá lo ti Lucas, láti orí 641 lọ, 641, 769, 1153 àti 1409 nìkan ló yẹ ká dán wò kó tó kọjá ibi tó yẹ ká dúró sí. Gbogbo wọn ló ṣẹ́ kù sílẹ̀. Aláìṣeépín ni 6,700,417. Bí Euler bá sì ti ní ti Lucas lọ́wọ́ ní 1732, 257 àti 641 nìkan ni ì bá kàn án, nígbà tó sì jẹ́ pé 257 kò lè pín in (ìdí rẹ̀ ń bọ̀), ìgbìyànjú kan ṣoṣo ni.

N kò bá Fermat jà pé ó méfò. Ẹni tí kì í méfò kì í rí nǹkan tuntun nínú ìṣirò. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé irinṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1640 kan náà, irú ọgbọ́n yìí ló fi rí i pé 223 pín nọ́ńbà mìíràn tó tóbi ju tiwa lọ, ìyẹn 137,438,953,471. Ìgbìyànjú márùn-ún péré ló kù fún un kó tó kan 641. Bóyá ó ṣe é, tó sì ṣi ẹyọ kan ṣe lórí ìwé. Bóyá márùn-ún lórí márùn-ún ló tàn án.

Nísinsìnyí tí a ti tú u, irú ẹ̀yà wo la máa kà á sí? Ó jẹ́ ọmọ àwọn aláìṣeépín méjì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí èyí tó wáyé lẹ́ẹ̀mejì nínú wọn. Nọ́ńbà mẹ́rin péré ló lè pín in: 1, 641, 6,700,417, àti òun fúnra rẹ̀. Bí a bá ro mẹ́ta àkọ́kọ́ pọ̀, 6,701,059 ni. Kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun fúnra rẹ̀. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ máa ń pín nọ́ńbà sí ẹ̀yà báyìí. 28 pé pérépéré lójú wọn, torí 1, 2, 4, 7 àti 14 tó pín in jẹ́ 28 gẹ́lẹ́. Tiwa wà lára àwọn aláìtó, ó sì jìnnà sí pípé gan-an.

Ohun mìíràn tún wà tí n kò lè ṣàìsọ. Nọ́ńbà yìí ṣeé kọ bí àròpọ̀ nọ́ńbà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi lọ́nà ara rẹ̀. Ọ̀nà àkọ́kọ́ hàn sí wa tẹ́lẹ̀: 65,536 lọ́nà ara rẹ̀, ká fi 1 lọ́nà 1 kún un. Ọ̀nà kejì ni 62,264 lọ́nà ara rẹ̀ pẹ̀lú 20,449 lọ́nà ara rẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ 3,876,805,696, ìkejì jẹ́ 418,161,601. Ẹ rò wọ́n pọ̀ wò. Nọ́ńbà aláìṣeépín kì í ní ju ọ̀nà kan lọ láti gbà ṣe èyí. Nítorí náà, ẹni tó bá rí ọ̀nà kejì ti mọ̀ pé nọ́ńbà náà ṣeé pín, kódà bí kò bá tíì gbọ́ orúkọ 641 rí.

Àwọn aládùúgbò rẹ̀ náà yẹ ní wíwò. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ kò ní nǹkan kan nínú ju 2 lọ, 2 méjìlélọ́gbọ̀n tí a fi lọ́nà ara wọn. Èyí tó tún ṣáájú ìyẹn, 4,294,967,295, jẹ́ 3 lọ́nà 5 lọ́nà 17 lọ́nà 257 lọ́nà 65,537: márààrún Fermat, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Ìdí nìyí tí ìkankan nínú wọn kò fi lè pín tiwa. 2 ni yóò máa ṣẹ́ kù títí. Láti ọdún 1796 ni ọ̀rọ̀ àwọn márùn-ún yìí ti di ńlá, nígbà tí Carl Friedrich Gauss, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, fi hàn pé rúlà tí kò ní àmì àti kọ́ńpáàsì tó láti ya àwòrán onígun 17 tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Johann Gustav Hermes fi bí ọdún mẹ́wàá ṣiṣẹ́ lórí onígun 65,537. Ìwé tó kọ wà ní yunifásítì Göttingen ní Jámánì títí dòní. Onígun 4,294,967,295 ló pọ̀ jù nínú àwọn tí iye igun wọn kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, tí a mọ̀ pé ó ṣeé yà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó máa yà á ni kò tíì sí.

65,537 kò sì dúró sí ilé àwọn ayàwòrán. Nígbàkígbà tí ènìyàn bá ṣí áàpù báǹkì lórí fóònù, ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà yẹn wà lára kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀rọ fi ń ti ọ̀rọ̀ pa, torí òun ni wọ́n sábà máa ń lò nínú ètò tí Rivest, Shamir àti Adleman gbé kalẹ̀ ní ọdún 1977. Irú ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú tiwa ni àgádágodo ètò náà: ọmọ àwọn aláìṣeépín méjì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn òbí ibẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún nọ́ńbà nínú, kò sì sí òfin 64 tó lè tú wọn fó.

Ìbéèrè kan tún wà tí nọ́ńbà wa fi ń tan ènìyàn jẹ. Ìdánwò Fermat tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó ní a gbọ́dọ̀ bá 1 lẹ́yìn ìgbà p dín ẹyọ kan, àwọn ènìyàn máa ń lò ó láti dá aláìṣeépín mọ̀. Bí a bá fi 2 ṣe é fún 4,294,967,297, ó yege, 1 la bá. Ayédèrú ni, àmọ́ ó wọ aṣọ aláìṣeépín. Bí a bá fi 3 dípò 2, àṣírí tú, kì í ṣe 1 la bá níbẹ̀. Ìsọdipúpọ̀ 32 péré ni iṣẹ́ náà gbà, torí àṣẹ́kù la kàn ń fi lọ́nà ara rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, a sì ti mọ̀ pé ó ṣeé pín láìmọ ohun tó pín in. Théophile Pépin tún irú ìdánwò yìí ṣe ní ọdún 1877 débi pé ó ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ láìṣiyèméjì fún àwọn nọ́ńbà Fermat ńlá.

Òun ni wọ́n lò lórí àwọn kan nínú àwọn ńlá tó tẹ̀ lé e. Èyí tó tẹ̀ lé tiwa gan-an, 18,446,744,073,709,551,617, ọdún 1880 ni Fortuné Landry tú u, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà: 274,177 ló pín in. Láti ibẹ̀ lọ, kò tíì sí aláìṣeépín kankan tí ẹnikẹ́ni rí lẹ́yìn márùn-ún àkọ́kọ́. Ká ka 3 sí òdo, ká máa kà á lọ. Èyí tó wà ní ipò 24 ní ju mílíọ̀nù márùn-ún nọ́ńbà nínú. Ní ọdún 1999, Crandall, Mayer àti Papadopoulos fi ìdánwò Pépin kàn án, ó sì dáhùn pé òun ṣeé pín. Kò sẹ́ni tó tíì mọ ẹyọ kan nínú àwọn tó pín in. Ti ipò 33 sì wà níbẹ̀, tó ní ju bílíọ̀nù méjì àbọ̀ nọ́ńbà nínú. Ìyẹn kò tíì dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, kò sì tíì dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́.